Àjogúnbá nínú Àrùn Fitílígò: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìwádìí

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí kì í ṣàdédé fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Alárinà ní láti kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀tẹ̀, wèrè tàbí wárápá wà nínú ìran tí wọ́n fẹ́ bá dána. Fitílígò, àrùn tí ó máa ń sọ ojú kan di funfun lára ènìyàn, wà lára ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú fún ẹ̀tẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Kòkòrò tí Armauer Hansen ṣàwárí ní ilẹ̀ Norway ní ọdún 1873 ni ó ń fa ẹ̀tẹ̀. Fitílígò ní tirẹ̀ kì í ràn: àwọn sẹ́ẹ̀lì adènà-àrùn ni wọ́n ṣìnà, tí wọ́n ń gbógun ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè àwọ̀ ara.

Ǹjẹ́ ènìyàn a máa jogún rẹ̀ bí? Ìwádìí tí Asem Alkhateeb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2003 tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 6 nínú 100 ọmọ ìyá àwọn aláìsàn ni ó ní àrùn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò pé 1 nínú 100 láàárín àwọn ará ìlú. Èyí fi hàn pé ìran lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọ̀kan nínú ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo pín di méjì, ìdá 23 nínú 100 péré ni ó fi ń mú èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé àjogúnbá nìkan ni, ì bá máa mú àwọn méjèèjì ní gbogbo ìgbà.

Ní ọdún 2007, Ying Jin, Richard Spritz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tọ́ka sí jíìnì NALP1, èyí tí ó wà lórí krómósómù 17, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìdáàbòbò ara. Ní ọdún 2010, wọ́n fi jíìnì TYR kún un, èyí tí ó lọ́wọ́ nínú pípèsè àwọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016, ojú àjogúnbá tí wọ́n ti so mọ́ àrùn náà ti tó nǹkan bí 50. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí: kò sí jíìnì kan tí ó dá ṣe é.

Àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Yúróòpù wá ni wọ́n lò fún àwọn ìwádìí wọ̀nyí, nítorí náà a kò lè gbé iye wọn ka orí àwọn ìdílé Yorùbá tààrà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan hàn gbangba fún olùkọ́ nínú kíláàsì: akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ ní ojú funfun kò yẹ ní yíyà sọ́tọ̀, ìdílé rẹ̀ kò sì yẹ ní ìdálẹ́bi.