Ẹ̀SÌN ÀTI Ẹ̀MÍ LÓRÍ ODÒ ỌYA

Ẹnu àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ni mo ti mú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Wọn a máa wí pé, "Ẹ̀sìn ti sú wa, ẹ̀mí ni à ń fẹ́." Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sìn ni agogo àti aṣọ funfun, owó kíláàsì, ìwé àdúrà tí a ń kà láìgbọ́ ohun tí a ń kà, àti ìpàdé ìgbìmọ̀ tí kì í tán. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀mí ni iná tí ń jó nínú ọkàn ènìyàn, tí kò sì jẹ́ kí ó sùn. Ọ̀pọ̀ àgbà a máa bínú bí wọ́n bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Èmi kò bínú, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ ọ́ rí lórí Odò Ọya ní 1890, ó sì ba ọkàn bàbá arúgbó kan jẹ́ ní àkókò díẹ̀ tí ó kù fún un láyé. Ìtàn náà ni mo wá pa fún yín. Ìwàásù di ọjọ́ mìíràn.

Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Samuel Àjàyí Crowther láàárín wa, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a mọ orúkọ, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ènìyàn. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821 ni ogun kó ìlú náà, tí a mú òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Láàárín ọdún kan ó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. A tilẹ̀ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Níkẹyìn a tà á fún àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ wọn kò ì tí ì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon fi mú un ní ọjọ́ 7 oṣù April, 1822, tí a sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ọmọ tí a ti díye lé bí ẹran yìí ni a ṣe ìrìbọmi fún ní 1825, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, tí a sì fi jẹ àlùfáà ní 1843. Ní 1846 ó bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá yóò fẹ́ kí n dúró pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa ṣì jìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ẹ̀mí gbà ṣiṣẹ́ nínú ọkùnrin yìí. Iná tí ó wà nínú rẹ̀ kò jáde bí igbe. Iṣẹ́ tí ń gba sùúrù ni ó bá jáde. Kí a tó lè túmọ̀ Ìwé Mímọ́, a níláti mọ ohun tí etí ọmọ Yorùbá yóò gbọ́ nígbà tí a bá kà á sí i. Nítorí náà ni ó ṣe ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn àgbà, òwe pẹ̀lú, títí kan ti àwọn tí kò gba ìgbàgbọ́ rárá. Ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè wa jáde ní 1843. Ní 1852 ó tún tẹ̀ ẹ́ jáde, tí òwe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ti àwọn ará Róòmù jáde ní èdè Yorùbá ní 1850. Bíbélì lódindi kò parí títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọwọ́ púpọ̀ ni ó sì ṣe é. Ọwọ́ Thomas King ti Abẹ́òkúta wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan wí pé ìwé kíkọ kò jẹ mọ́ ti ẹ̀mí. Kí ó dákun sọ fún mi, inú èdè wo ni ó ti ń gbàdúrà?

Odò Ọya ni ó wá di oko rẹ̀. Ó bá àwọn Òyìnbó gòkè odò náà ní 1841, nínú ìrìn-àjò tí ibà ti pa wọ́n bí ewé. Ó tún lọ ní 1854. Ní ọdún náà ibà kò pa Òyìnbó kan ṣoṣo, nítorí wọ́n ń lo kuníìnì. Ní 1857 a dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Oníṣà, a sì fi J. C. Taylor síbẹ̀, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Sàró. Ní ọjọ́ 29 oṣù June, 1864, nínú ilé ìsìn ńlá Canterbury, a ya Crowther sí mímọ́, ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Henry Venn, akọ̀wé àgbà C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó rí sí i. Ó gbà pé ìjọ tí a bá gbìn gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ìgbàgbọ́ Crowther ní tirẹ̀ ni pé ìhìnrere, ilé-ẹ̀kọ́ àti òwò títọ́ jọ ń rìn ni: ìlú tí ó bá rí owó nínú òwú àti epo kò níláti ta ọmọ ẹnìkejì.

Kí n má ṣe fi ọwọ́ bo ohun tí ó yẹ kí a rí. Ilẹ̀ tí a fi lé bàbá yìí lọ́wọ́ gbòòrò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ, láti Bonny létí òkun títí dé òkè Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ó sì sábà máa ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń dá gbé fún oṣù púpọ̀ láìrí alábòójútó. Àwọn kan ṣe olóòótọ́ títí dé ojú ikú. Àwọn kan sọ ara wọn di oníṣòwò. Ẹjọ́ kan tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Sàró ní 1882, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọ lu ọmọbìnrin ẹrú kan ní Oníṣà títí ó fi kú. Ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù rọ̀ jù. Ó tètè máa ń dárí jì, a sì máa pẹ́ kí ó tó báni wí. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń dá àwọn tí ó dojú kọ ọ́ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọbìnrin náà. Àwọn tí ó pa á ń lọ sí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi.

Venn kú ní 1873, àwọn tí ó jókòó sí ipò rẹ̀ kò sì fi ojú kan náà wo adúláwọ̀. Láàárín àkókò yìí ni ìsọjí ńlá kan dé bá àwọn ọ̀dọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń wá ìwà mímọ́ tí ó pé, wọ́n sì ń fi ayé wọn rúbọ. Méjì nínú wọn ni a níláti dárúkọ: J. A. Robinson, ọ̀mọ̀wé láti Cambridge, tí ó kọ́kọ́ dé gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé iṣẹ́ Odò Ọya, àti Graham Wilmot Brooke, tí kò ì tí ì pé ọmọ 30 ọdún. Ní 1890 àwọn méjèèjì kó ẹgbẹ́ titun kan wá sí Lọ́kọ́ja. Wọ́n bọ́ aṣọ Òyìnbó sílẹ̀, wọ́n wọ ti Hausa. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ àwọn ará ìlú. Wọ́n wí pé àwọn kò fẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ẹni tí ó bá fi ẹ̀sìn Mùsùlùmí sílẹ̀ kò ní ààbò kankan, àwọn sì níláti bá a pín nínú ewu rẹ̀. Wọ́n kórìíra ẹ̀sìn tí ó dàpọ̀ mọ́ òwò àti àṣà Òyìnbó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èmi kò ní purọ́ fún yín: bí mo bá jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní Lọ́kọ́ja nígbà náà, èmi ìbá tẹ̀lé wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé ẹni tí iná ń jó nínú rẹ̀ a máa rò pé òtútù ni gbogbo ẹni yòókù. Wọ́n wo ìjọ tí Crowther fi ọdún 33 kọ́, ojú wọn kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ìdọ̀tí. Ní oṣù August, 1890, ìgbìmọ̀ ìnáwó jókòó ní Oníṣà. Bíṣọ́ọ̀bù ni alága, ó sì ti lé ní ọmọ 80 ọdún. A ń dárúkọ àwọn àlùfáà àti olùkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń ka ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn. Òmíràn ní ẹ̀rí, òmíràn jẹ́ àgbọ́sọ. A dá ọ̀pọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, wà nínú wọn. Nígbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ wí pé òun ní àṣẹ láti dá àlùfáà dúró, ohun tí bàbá náà béèrè kò ju pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé pé ọ̀rọ̀ náà ya òun lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ tí a ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin rí, tí ó sì ti di Bíṣọ́ọ̀bù, ni ó dìde lórí àga níwájú àwọn tí ó lè bí lọ́mọ.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní aṣọ tí ó mọ́ tónítóní. Àkísà ni wọn kò ní: wọn kò mọ̀ bí a ti í dúró ti ènìyàn aláìpé fún ọdún 30, kí a kọ́ ọ, kí ó ṣubú, kí a tún gbé e dìde. Bí mo bá níláti ṣe ìdájọ́, ohun tí èmi yóò wí ni pé wọ́n tọ̀nà nípa ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ṣìnà nípa àwọn ènìyàn. Wọ́n gbé ẹ̀mí kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi wọn ẹlòmíràn. Crowther ti gbà á bí irúgbìn tí a ń fi sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn ni ó sì fi jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀ a rí ìwé, ilé-ẹ̀kọ́, àti àwọn ọmọ tí ó lè kà, tí ó sì lè bi wá ní ìbéèrè. Orílẹ̀-èdè kì í ti inú iná ọkàn ẹnì kan ṣoṣo jáde, bí ó ti wù kí iná náà gbóná tó.

Nígbà tí ìròyìn dé Èkó, inú bí àwọn ènìyàn. Ibi tí wọ́n gbé ìbínú náà lọ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wò dáradára. Ní ọjọ́ 2 oṣù January, 1891, Edward Wilmot Blyden sọ àwíyé ní ilé-ẹ̀kọ́ Breadfruit, ó ń pe àwọn adúláwọ̀ pé kí wọ́n ní ìjọ tiwọn. Ní oṣù August ọdún kan náà àwọn kan dìde, wọ́n dá ìjọ United Native African sílẹ̀. James Johnson, àlùfáà Breadfruit, tí ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an, kò bá wọn lọ. Inú ìjọ àtijọ́ ni ó ti ń jà. Ní 1892 Dandeson Crowther àti àwọn ìjọ ẹkùn Bonny dá ìjọ tiwọn dúró lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, láìgba owó lọ́wọ́ C.M.S.; àwọn fúnra wọn ni ó ń san owó àlùfáà wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tí ń jẹ́ David Vincent bọ́ orúkọ Òyìnbó sílẹ̀ ní 1894, ó di Mojọlá Agbébí. Orúkọ, owó àti àkóso: nǹkan mẹ́ta tí ẹrú kì í ní. Àwọn tí ó wá jà fún ìjọba ara-ẹni lẹ́yìn náà kọ́ ọ nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, àní nínú ìpàdé tí kì í tán tí ẹ fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Herbert Macaulay, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, ọmọ ọmọbìnrin Crowther ni. Oṣù bí mélòó kan lẹ́yìn tí a ya bàbá àgbà sí mímọ́ ni a bí i. Èmi kò wí pé ó jẹ́ ènìyàn mímọ́.

Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní oṣù June, 1891. Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà. Brooke kú ní Lọ́kọ́ja ní oṣù March, 1892. Kò tó oṣù mẹ́wàá tí ilẹ̀ fi gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àgbà àti ọmọdé. A fi Òyìnbó rọ́pò Crowther, a sì fi Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips ṣe igbákejì ní 1893. Ó di ọjọ́ 29 oṣù June, 2014, ọdún 150 gééré lẹ́yìn ìyàsímímọ́ náà, kí Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ìgbà náà, tó dúró nínú ilé ìsìn kan náà, tí ó sì tọrọ àforíjì nítorí ohun tí a fi ojú bàbá yìí rí.

Ó ku ohun kan nípa Robinson tí a kì í sábà sọ. Ní gbogbo àkókò tí ó fi wà ní Lọ́kọ́ja, ó ń kọ́ èdè Hausa tọkàntọkàn, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí Crowther ti ṣe ní èdè wa. Nígbà tí ó kú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kọ́ ilé ìsìn kan ní ìrántí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí yóò máa kọ́ nípa èdè Hausa ni wọ́n dá sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Charles Henry Robinson, lọ sí Kánò lórúkọ ẹgbẹ́ náà, nígbà tí ó sì padà dé, ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Hausa ni ó jókòó tì.