Kìnnìún Thopia àti Idì Kastrioti

Tirana, olú ìlú Albania, kò pẹ́ láyé tó àmì tó ń lò. Ìtàn sọ pé Sulejman Pasha Bargjini ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1614, àpérò Lushnjë sì sọ ọ́ di olú ìlú ní 1920. Ṣùgbọ́n idì dúdú olórí méjì tó wà lórí asà pupa ìjọba ibẹ̀, àwọn ìdílé ìjòyè ayé àtijọ́ ló ni ín.

Ìdílé Thopia ló ni ilẹ̀ tí Tirana wà lónìí, láti odò Mat títí dé Shkumbin. Karl Thopia gba Durrës ní 1368. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí ṣọ́ọ̀ṣì Gjon Vladimir nítòsí Elbasan sì wó, òun ló tún un kọ́ ní 1381. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta ní èdè Gíríìkì, ti Látìn àti ti Sílááfù, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọba ilẹ̀ Faransé ń ṣàn lára òun. Ọmọ Robert ọba Naples, tó wá láti ìdílé Anjou, ni wọ́n ní ìyá rẹ̀ jẹ́. Wọ́n tún gbẹ́ kìnnìún tó nà ró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àmì ìdílé Thopia. Ní tèmi, kò sí ẹ̀rí tó ju òkúta yìí lọ nípa ohun tí àmì ìdílé wà fún nígbà náà: bí oríkì orílẹ̀, ó ń sọ ẹni tó bí ọ, ó sì ń sọ ohun tó tọ́ sí ọ.

Ní ti idì, ọ̀dọ̀ àwọn ọba Byzantium ni ìdílé Kastrioti ti mú tiwọn. Gjergj Kastrioti, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Skanderbeg, kúrò nínú ọmọ ogun Ottoman ní 1443, ó sì gba Krujë ní 28 Oṣù Kọkànlá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Mamica àbúrò rẹ̀ fẹ́ Muzakë Thopia, ìdílé méjèèjì sì di àna. Skanderbeg kú ní 1468. Marin Barleti, àlùfáà ọmọ Shkodër, ló kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Látìn, ó sì ṣàpèjúwe àsíá náà: pupa, idì dúdú olórí méjì nínú rẹ̀. Ìwé yẹn kò jẹ́ kí àmì náà parun ní gbogbo ìgbà tí àwọn Ottoman fi jọba.

Ní 28 Oṣù Kọkànlá 1912, Ismail Qemali ta àsíá náà ní Vlorë, ó kéde òmìnira. Lẹ́yìn náà, ìjọba Kọ́múníìsì fi ìràwọ̀ àti ṣírí ọkà sí àmì ìjọba. Àṣíborí Skanderbeg, tó ní orí ewúrẹ́ oníwo lókè, tó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna, ni òfin 2002 fọwọ́ sí pé kó wà lókè asà náà.