Àdúrà Ìdákẹ́jẹ́ Ojoojúmọ́: Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Súnmọ́ Ọlọ́run Láàárín Ariwo Alímọ̀ṣọ́

Ìgbàgbọ́ Kristẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ súnmọ́ Ọlọ́run ní láti ní àkókò kan lójúmọ́ tí òun nìkan yóò wà níwájú Rẹ̀, láìsí akọrin, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èyí ni a ń pè ní àdúrà ìdákẹ́jẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú Bíbélì, ìtàn rẹ̀ láàárín ìjọ, àti bí ẹni tí ń gbé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò ṣe lè máa ṣe é.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́

Máàkù 1:35 fi hàn pé Jésù Olúwa wa dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, Ó sì lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn láti gbàdúrà. Ẹ kíyè sí i pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, gbogbo ìlú ti kó àwọn aláìsàn wá sí ẹnu ọ̀nà ilé tí Ó wà. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Rẹ̀, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ rọ́pò àdúrà. Nínú Mátíù 6:6, Ó kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn láti wọ inú yàrá kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Hánà pẹ̀lú, nínú Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 1, gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì, tí Élì àlùfáà fi rò pé ó ti mutí yó. Ọlọ́run gbọ́ ohun tí àlùfáà kò gbọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àdúrà kíkan kò dára. Èlíjà ké pe Ọlọ́run ní gbangba lórí òkè Kámẹ́lì, iná sì sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àárẹ̀ mú un, tí ó ń sá fún Jésébẹ́lì, Olúwa kò sí nínú ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ tàbí iná ní Hórébù. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ó fi bá a sọ̀rọ̀. Onígbàgbọ́ nílò méjèèjì.

Ìtàn rẹ̀ láàárín ìjọ

Arákùnrin Lawrence, tí ó kú ní 1691, ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìlú Paris. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ ni pé ó kọ́ láti máa wà pẹ̀lú Ọlọ́run nídìí ìkòkò ọbẹ̀ bí ẹni tí ó kúnlẹ̀ ní ilé ìsìn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣí ọ̀nà. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ó mọ̀wé kà láti dá jókòó ní yàrá rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní 1928. Ìsọjí ńlá ti Òkè-Òòyè ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ ní 1930. Ọ̀pọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ogunlọ́gọ̀ tí ó wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ni ó ń rántí ààwẹ̀ àti àdúrà tí ó ti ṣáájú. Lónìí, ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́ bíi Daily Manna ti ìjọ Deeper Life àti Open Heavens ti ìjọ Ìràpadà wà ní ọ̀pọ̀ ilé.

Ìṣòro tí ó wà ní àdúgbò wa

Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, òun ni ó sì pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ má bàa ká wọn mọ́ ọ̀nà, wọn kì í sì í padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú ilé oníyàrá-kojú-síra, kò sí ìyẹ̀wù tí ẹnì kan lè dá wọ̀. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ń bẹ, ti ilé ìjọsìn náà sì wà níbẹ̀. Àjọ LASEPA ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ti àwọn ilé ìjọsìn kan pa nítorí ariwo. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó yẹ kí á rò ó: bí ìṣọ́ òru wa bá gba oorun lójú aládùúgbò, báwo ni yóò ṣe jí gbàdúrà ní òwúrọ̀?

Ewu mìíràn tún wà. Ẹni tí kò lè dá bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ yóò máa wá ẹni tí yóò bá a sọ ọ́, láti òkè àdúrà kan sí òmíràn. Nígbà mìíràn, owó ni yóò ná an.

Bí a ṣe lè ṣe é

1. Yan àkókò kan tí kì í yí padà. Ìṣẹ́jú 15 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Pa fóònù rẹ.
2. Ka ẹsẹ díẹ̀ nínú Bíbélì, kí o sì tún un kà.
3. Dákẹ́. Má ṣe kánjú bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Bí ọkàn bá ń rìn kiri, fi sùúrù dá a padà sí ohun tí o kà.
4. Dáhùn: dúpẹ́, jẹ́wọ́, kí o sì bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ àti fún ẹlòmíràn.
5. Mú ọ̀rọ̀ kan dání lọ sí ibi iṣẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì láti Ìkòtún sí Ọ̀ṣòdì, bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tilẹ̀ ń pariwo, o lè máa rò ó nínú ọkàn bí Hánà.

Ọjọ́ yóò wà tí oorun yóò gbé ọ, tí àdúrà yóò sì dàbí ilẹ̀ gbígbẹ. Má ṣe jáwọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bákan náà, àdúrà ìdákẹ́jẹ́ kò rọ́pò ìpéjọpọ̀ àwọn ará, kò sì rọ́pò ilé ìwòsàn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Kí Olúwa, tí ó ń rí ohun tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀, fún olúkúlùkù wa ní ọkàn tí ó lè dúró jẹ́ẹ́ níwájú Rẹ̀. Àmín.