Àkọsílẹ̀ Baba Nípa Àkọ́bí Rẹ̀: Ìtàn Charles Darwin àti William Ọmọ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe yìí kò ṣòro láti pa. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tí ó pa á léèrè pé, "Ọjọ́ wo gan-an ni ẹ rí ẹnu ọmọ náà tí ń ṣe ṣámúṣámú? Oṣù mélòó ni ó pé nígbà náà? Kí ni ó ń ṣe lọ́wọ́?" ìdáhùn tí a ó gbà kì í ju pé ó ti pẹ́ lọ. Ìyá ọmọ a ní nígbà tí ó ń rákò ni. Baba rẹ̀ a ní ó ti ń rìn kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà a sì ní àwọn méjèèjì ti gbàgbé. Ìgbà èwe ọmọ ni ohun tí gbogbo òbí fi ojú ara wọn rí, òun náà sì ni ó tètè ń bọ́ lọ́wọ́ ìrántí jù lọ.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni ti baba kan tí ó lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ọjọ́ sí ọjọ́, lẹ́yìn ọdún 37. Charles Darwin ni orúkọ rẹ̀, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìwé tí ó ṣe ní 1859 lórí bí oríṣiríṣi ẹ̀dá alààyè ṣe bẹ̀rẹ̀, ìwé tí ó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ogún ọdún kí ìwé náà jáde nígbà tí ó ṣí ìwé kékeré kan, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ọdún 1839, ni Darwin gbé Emma níyàwó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Emma bí ọmọkùnrin kan nínú ilé wọn ní Upper Gower Street, ní ìlú Lọ́ńdọ́nù. William Erasmus ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Doddy ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni baba rẹ̀ nígbà náà. Ó ti fi nǹkan bí ọdún 5 rìn yí ayé ká nínú ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Beagle, níbi tí ó ti ń wo ẹyẹ, kòkòrò àti òkúta, tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ojú kan náà ni ó wá fi wo ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Ará Jámánì kan, Dietrich Tiedemann, ti tẹ àkíyèsí tirẹ̀ lórí ọmọkùnrin rẹ̀ jáde ní 1787. Ṣùgbọ́n Darwin ní ìbéèrè kan tí ó ń gbé lọ́kàn. Ní 1838 ó ti lọ wo ọ̀bọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Jenny nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ́nù, ó sì rí i bí ó ti fi ara yílẹ̀ tí ó ń ké bí ọmọ aláìgbọràn nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ fi èso hàn án tí kò fún un. Darwin fẹ́ mọ̀ bóyá bí ìbínú, ẹ̀rù àti ayọ̀ ti ń hàn lójú ènìyàn jẹ́ ohun tí a kọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí ohun tí a bí mọ́ ọn ni. Ta ni yóò sì fi èyí hàn án bí kò ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ́ ní nǹkan kan?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó rí i pé ọmọ náà mọ sísín, yíyán, nínà ara, ọmú mímu àti igbe kíké láìsí olùkọ́. Ní ọjọ́ keje, ó fi bébà kékeré kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ fa ẹsẹ̀ náà kúrò lójijì, ó sì ká àwọn ọmọ-ìka rẹ̀ kò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó tẹjú mọ́ iná àbẹ́là. Títí di ọjọ́ 45, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn tí ojú rẹ̀ dúró lé bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 49 ni ó rí wajawaja kan tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn; ojú rẹ̀ dúró, apá rẹ̀ tí ó ń jù síwá sẹ́yìn sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ kíyè sí irú àkọsílẹ̀ tí èyí jẹ́. Baba kò wí pé ọmọ òun gbọ́n. Ojú tí ó dúró àti apá tí ó dákẹ́ ni ó kọ, kí ẹni tí ó bá kà á lè dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀ràn ọwọ́ ọmọ yìí ni ó fi ìwúlò àkọsílẹ̀ hàn jù lọ. Nígbà tí ó pé ọjọ́ 77, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi di ìgò wàrà rẹ̀ mú, ì báà jẹ́ apá ọ̀tún tàbí apá òsì ni obìnrin tí ń tọ́jú rẹ̀ gbé e lé. Baba rẹ̀ gbìyànjú kí ó fi òsì mú un, ọmọ kọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí ó tó gbà. Ta ni nínú wa tí kò ní pinnu lójú ẹsẹ̀ pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ọmọ yìí? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà, ọlọ́wọ́ òsì ni ó jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ àti àwọn mìíràn nínú ẹbí. Darwin kò fi èyí pamọ́: ó tẹ àkíyèsí ìṣáájú àti àtubọ̀tán rẹ̀ jáde pọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìrántí nìkan sọ ìtàn ì bá ti pa àkíyèsí ìṣáájú náà rẹ́ lọ́kàn rẹ̀, ì bá sì búra pé òsì ni ọmọ náà ń lò láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Ní ti ìwà, ìbínú ọmọ náà tètè hàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, a fún un ní wàrà tí ó tutù díẹ̀. Bí ó ti ń mu ún ni ó ń fajú ro, bí àgbàlagbà tí a fi ipá mú ṣe ohun tí kò wù ú. Ní oṣù keje, ó fi ìbínú lọgun nítorí pé ọsàn kíkan kan ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá, bí a bá fún un ní ohun ìṣeré tí kì í ṣe èyí tí ó fẹ́, a tì í sẹ́yìn, a sì lù ú. Nígbà tí ó fi máa pé ọdún 2 àti oṣù 3, ó ti di ògbóǹtagí nínú kí á ju ìwé tàbí igi lu ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ẹ́. Níhìn-ín ni mo rò pé ẹsẹ̀ Darwin yọ̀ díẹ̀. Ó ní òun rí àṣà yìí lára àwọn kan nínú àwọn ọmọkùnrin òun mìíràn, òun kò rí i lára àwọn ọmọbìnrin òun, ó sì rò pé àjogúnbá ọkùnrin ni. Ọmọ ilé kan ṣoṣo kéré jù láti fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọbìnrin rí mọ̀ pé ọwọ́ tiwọn náà mọ òkò jù.

Eré pọ̀ láàrin baba àti ọmọ yìí. Baba a máa pariwo oríṣiríṣi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ a sì kà á sí àwàdà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, kí ó tó pé oṣù mẹ́rin ààbọ̀, baba hanrun kíkankíkan, ohun tí kò ṣe rí níwájú rẹ̀. Ojú ọmọ yí padà, ó sì bú sẹ́kún. Ní àkókò kan náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ àti sí baba rẹ̀ nínú dígí bí ẹni pé ènìyàn gidi ni ó ń wò; ẹnu yà á nígbà tí ohùn baba dún láti ẹ̀yìn. Kò tó oṣù 2 sí i tí ó fi mọ̀ pé àwòrán lásán ni. Bí baba bá fún ojú pọ̀ láìfọhùn, ọmọ a yíjú sẹ́yìn kíá láti wò ó. Nígbà tí ó pé oṣù 15 ààbọ̀, owú jíjẹ dé: ó bínú nígbà tí baba ń ṣìkẹ́ ọmọláńgidi kan, ó sì tún bínú nígbà tí ó ń wọn àbúrò rẹ̀ jòjòló lórí òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà yẹ kí ó fa àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè mọ́ra. Nígbà tí ó pé ọdún kan gan-an, ó dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, "mum", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oúnjẹ. Bí ebi bá ń pa á, kò ké mọ́. "Mum" ni ó ń wí, a sì gbé ohùn sókè ní ìparí bí ẹni tí ń bèèrè nǹkan. Ó pe ṣúgà ní "shu-mum". Nígbà tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe dúdú, ó pe ohun dídùn dúdú kan ní "black-shu-mum". Ẹ ò rí i pé ọmọ tí kò tí ì mọ èdè àgbà ti ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀! Darwin gbà pé gbígbé ohùn sókè sódò yìí jẹ́ ohun àbímọ́. Ọmọ Yorùbá ńkọ́, ẹni tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà fún? Ohùn ni ó kọ́kọ́ ń mú ni, tàbí ìró fáwẹ̀lì? Ìbéèrè yìí kò ṣeé fi àbá lásán dáhùn.

Ẹ̀rí-ọkàn ọmọ ni Darwin fi sùúrù wò jù. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé oṣù 13, baba fi àwàdà bá a wí pé ó kọ̀, kò fẹ́ fi ẹnu ko baba rẹ̀ lẹ́nu. Ara ọmọ kò lélẹ̀ mọ́. Nígbà tí baba padà sórí àga rẹ̀, ọmọ na ètè síwájú, ó sì ń fi ìbínú ju ọwọ́ títí baba fi wá gba ìfẹnukonu náà. Ní ọdún 2 àti oṣù 3, ó fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ní èyí tí ó kù nínú àkàrà dídùn oní-atalẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ohùn rara yin ara rẹ̀ pé ọmọ rere ni òun. Ní nǹkan bí oṣù 4 sí i, baba pàdé rẹ̀ bí ó ti ń jáde láti yàrá ìjẹun, ojú rẹ̀ ń tàn lọ́nà tí kò yẹ. Ṣúgà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni ó lọ bù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ó tún ń jáde láti yàrá kan náà, ó ká aṣọ tí wọ́n dè mọ́ ọn láyà jọ dáadáa, ó ń wò ó. Baba bi í léèrè. Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí baba máa lọ. Nígbà tí baba tú aṣọ náà, omi ẹ̀fọ́ tí a rẹ sínú ọtí kíkan ni ó ta sí i lára. Wọn kò fi ìyà jẹ ọmọ yìí rí. Nítorí náà baba rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìbẹ̀rù ẹgba ni ó mú kí ojú rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún ni à ń fi fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Darwin fi tọ́ tirẹ̀, ó sì jẹ́rìí pé kò pẹ́ tí ọmọ náà fi di olóòótọ́ àti ẹni pẹ̀lẹ́. William dàgbà, ó di oníṣẹ́ báńkì ní Southampton, ó sì kú ní 1914.

Àbúrò tí a wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, tí ó sì jẹ àkàrà oní-atalẹ̀, kò rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Annie ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ọdún 1841, ni a bí i. Ó ṣàìsàn, ó sì kú ní Malvern ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ọdún 1851, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá dáadáa, baba rẹ̀ jókòó, ó kọ ìwà ọmọ náà sílẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti bí ó ti máa ń tọ́jú òbí rẹ̀, kí ìrántí náà má ba à ṣá. Ẹni tí ó bá rò pé ìwádìí lásán ni Darwin ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe, kí ó rántí èyí.

Ìwé kékeré náà kò dúró lórí William nìkan. Àwọn àbúrò rẹ̀ wọ inú rẹ̀, Emma náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Darwin lo nínú àwọn àkíyèsí rẹ̀ lórí àwọn ọmọ rẹ̀ fún ìwé tí ó ṣe ní 1872 lórí bí ènìyàn àti ẹranko ti ń fi ìmọ̀lára hàn. Ní 1877, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Hippolyte Taine, kọ̀wé nínú ìwé ìmọ̀ tí à ń pè ní Mind lórí bí ọmọbìnrin kékeré kan ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Darwin kà á, ó padà lọ ṣí ìwé rẹ̀ àtijọ́, ó sì tẹ àkíyèsí rẹ̀ lórí William jáde nínú Mind kan náà ní oṣù Keje ọdún náà. Ní 1882, Wilhelm Preyer ní Jámánì tẹ ìwé ńlá jáde lórí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀. Láti 1900 ni Clara Stern àti William ọkọ rẹ̀ ti ń kọ ti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn ni Jean Piaget, ará Switzerland, kíyè sí àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ìmọ̀ kan ti ìdí àkéte ọmọ dìde.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé àwọn baba wa kò kíyè sí ọmọ. Ìgè, Àìná, Òjó, Dàda, Ọ̀kẹ́ àti Àjàyí, àkọsílẹ̀ ni gbogbo wọn: bí ọmọ ti wáyé ni wọ́n ń sọ, láìsí bébà, láìsí yíǹkì. Ṣùgbọ́n wákàtí ìkúnlẹ̀ nìkan ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ fún wa. Ọjọ́ tí Ìgè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tí Àjàyí kọ́kọ́ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà tí Àìná kọ́kọ́ fi oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ìyẹn ti bá ìyá wọn lọ.

Darwin ní owó, ó sì ní àwọn tí ń bá a tọ́jú ọmọ. Ìyá tí ó pọn ọmọ lọ sí ọjà wa ń rí ju ohun tí ó rí lọ lójúmọ́. Ohun tí ó fi jù wá kò ju ìwé pélébé kan, ọjọ́ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀, àti òótọ́ tí kì í pa àṣìṣe rẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bí ọmọ, tàbí tí ẹ ní àbúrò tí ń rákò nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti jáde lẹ́nu ọmọ, ẹ fi àmì ohùn sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A kò sì lè mọ ìpín ọmọdé nínú ọgbọ́n náà bí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.