Bọ́ọ̀lù Finbarr's àti Ọmọ Tó Wà Lẹ́yìn Géètì

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí léèrè pé kí ló kan ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé-ìwé, tó fi jẹ́ pé bí sáà Principals' Cup bá ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, n kì í tètè gbé fóònù mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ dára ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé-ìwé ṣe yí padà nílẹ̀ wa láti bí ọgọ́ta ọdún, kó kàn mú ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé kan ṣoṣo, kó máa tẹ̀lé e.

Finbarr's ni mo ti jáde, St. Finbarr's College tó wà l'Ákọkà, tí kò jìnnà sí Yunifásítì Èkó, tí Bàrígà sì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Fádà Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló dá a sílẹ̀ ní 1956. Agbègbè Cork ni Fádà ti wá, Finbarr sì ni ẹni mímọ́ tí àwọn ará Cork ń pè ní tiwọn. Ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, ó sì tún jẹ́ rẹfirí. Àwa ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ pé ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń dà á láàmú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ọgbọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo àwọn tó bá níwájú: Baptist Academy, 1855, CMS Grammar School, 1859, Methodist Boys', 1878, King's College, 1909, St. Gregory's, 1928, Igbobi, 1932. Báwo ni ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1956 yóò ṣe lórúkọ láàárín àwọn àgbà wọ̀nyí? Èsì ìdánwò àṣejáde ń fẹ́ ọdún márùn-ún kó tó fara hàn. Bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, sáà kan ti tó.

Láti ilé-ìwé ni bọ́ọ̀lù ti wọ ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni ti ọdún 1904, nígbà tí àwọn ọmọ Hope Waddell ní Kàlàbá bá àwọn atukọ̀ òyìnbó gbá a. Nígbà tí a fi máa dé kíláàsì, ìdíje ilé-ìwé ti di nǹkan ńlá l'Ékòó. Àdúgbò ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa di pé ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé ló ń lọ. Bí ó bá wá ku méjì, ó di Ọ̀níkàn, ní pápá ìṣeré tí wọ́n fi sọrí Ọba George Karùn-ún, tí wọ́n ti tún kọ́ báyìí, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Mobolaji Johnson pè. Ọjọ́ yẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé ọmọ ilé-ìwé ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù! Èmi fúnra mi ò lè gbá a dáadáa o. Ẹ̀yìn góòlù ni mo máa ń wà, mo ń bá wọn ṣa bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ìyá kan tó ń ta gaàrí l'ọ́jà Bàrígà, tí kò ka ìwé kankan, mọ orúkọ asọ́lé wa, ó sì mọ ilé tó ń gbé.

Ìyá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Kì í ṣe ilé-ìwé àwọn ọlọ́lá nìkan ló ń jẹ orúkọ nígbà náà. Zumratul Islamiyyah Grammar School ni Haruna Ilerika ti jáde, ẹni tí Èkó ò ní gbàgbé bó ṣe ń yí èèyàn po, kó tó di pé ó gbá fún Stationery Stores àti fún orílẹ̀-èdè. CMS Grammar School ni Adokiye Amiesimaka ti wá. Ó ka ìwé òfin, ó sì di agbẹjọ́rò àgbà fún Ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù dé orí òkè téńté. Bàtà bọ́ọ̀lù àti ìwé wà nínú àpò kan náà.

Ifẹ̀ ni mo wà nígbà tí orúkọ Finbarr's gbòde jù lọ. Ìwé ìròyìn láti Èkó máa ń pẹ́ kó tó dé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, kí n tó ka ohun tí ìjọba ológun wí. Ibẹ̀ ni mo ti bá Stephen Keshi àti Henry Nwosu pàdé kí gbogbo ayé tó mọ̀ wọ́n. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè ní March 22, 1980, tí Odegbami jẹ méjì, tí Muda Lawal jẹ ẹyọ kan, Nwosu wà nínú ikọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Keshi ní tirẹ̀ ṣe balógun ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà ní 1994, ó tún ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn tó gbà á ní 2013. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, Keshi ní 2016, Nwosu ní 2024. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti máa ń jiyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà ni pé ìjọba ló ba bọ́ọ̀lù wa jẹ́, nígbà tó gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àárín àwọn ọdún 1970. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún yín dáadáa. Ìparí àwọn ọdún 1970 yẹn ni Keshi àti Nwosu ń ti ilé-ìwé jáde bọ̀ sí gbangba. Lábẹ́ ìjọba ni! Nígbà tí Jákàǹdè sì wọlé ní 1979 pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ ìyá alágàárì lè wọlé láìsan kọ́bọ̀. Kíláàsì kún àkúnya, àga ò tó, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n géètì ṣí sílẹ̀.

Ohun tó yí nǹkan padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1985, àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún lọ gba ife àgbáyé ní Ṣáínà, wọ́n na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 2-0. Gbogbo ènìyàn wá rí i pé owó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ kékeré. Àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù dé. Ọjọ́ orí di ohun tí wọ́n ń gé bí ẹni gé ìrẹsì aṣọ. Pepsi Academy bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1992, ibẹ̀ sì ni Mikel Obi gbà kọjá. N kò bá wọn jà; iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Àmọ́ láti ìgbà náà, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ò nílò ilé-ìwé mọ́ kí wọ́n tó rí i.

Ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-ìwé padà fún àwọn ìjọ. A jó, a yọ̀. Orúkọ wa ti padà wálé, àbí? Wọ́n tún ògiri kun, ìlànà padà bọ̀ sípò, èsì ìdánwò ń dára. Ṣùgbọ́n ìjọ kò lè fi ẹnu lásán sanwó tíṣà, owó ilé-ìwé dé, ó sì ń gòkè. Ẹ dúró sí Àkọkà ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ rìn wọ Bàrígà. Ọmọ tí ẹ máa rí tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe bó ṣe wù ú lórí títì, tó jẹ́ irú rẹ̀ ló wọ jẹ́sì wa nígbà kan rí, ẹ̀yìn géètì ló wà. Orúkọ ni wọ́n dá padà fún wa. Ọmọ yẹn kò bá a wá. Báńkì kan ti gbé Principals' Cup dìde láti 2009, t'ọkùnrin t'obìnrin, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n báńkì ò lè mú ọmọ wọ kíláàsì.

Lórí WhatsApp kíláàsì wa, a ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á láti oṣù mẹ́ta. Mo dábàá pé kí àwa tí Ọlọ́run fún máa san owó ilé-ìwé ọmọ mélòó kan láti Bàrígà àti Ṣómólú lọ́dọọdún, àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó sì yege ìdánwò ìwọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Houston ní àsọdùn ni, pé bí ọmọ náà bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, aṣojú á fún bàbá rẹ̀ lówó, ọmọ á sì fi ìwé sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Òmíràn ní kí a kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà. Èmi ní kọ̀ǹpútà ò ní sá lọ. Ohun tí mo sì fi lé e ni pé ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìwé, kó fi jẹ́sì sílẹ̀ títí tó fi máa yege.

Ìpàdé di Sátidé. Owó ọmọ mẹ́ta ti pé, ti ẹ̀kẹrin ku díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní Finbarr's tí ẹ ń ka èyí, ẹ ní nọ́ńbà mi lọ́wọ́.