Iná Iwájú Ọkọ̀ ní Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́: Láti Kábáídì dé LED

Omi ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi ń bá Èkó ṣòwò kí mọ́tò tó gbòde. Ọ̀nà ọ̀dà tó gba Imota àti Itoikin ló so ìlú méjèèjì pọ̀ lónìí. Danfó, kọ̀rọ̀pẹ̀, tírélà àti ọ̀kadà ń ná an tọ̀sán-tòru. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó ń dùn mí, nítorí Ẹ̀gbin, ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ amúnáwá tó tóbi jù ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1980 láti máa pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà ní agbègbè Ìkòròdú yìí kan náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà ni kò ní iná òpó. Ohun tí awakọ̀ bá gbé síwájú ọkọ̀ rẹ̀ náà ló máa fi ríran. Abájọ tí bọ́ọ̀bù LED fi ń tà wàràwàrà lọ́dọ̀ àwọn rìwáyà. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ibi tí iná iwájú ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun kan ṣoṣo ni àwọn tó ń ṣe é ń wá láti ọjọ́ pípẹ́: bí èèyàn ṣe lè ríran lálẹ́ láì fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú.

Epo ni àtùpà àwọn mọ́tò àkọ́kọ́ ń jó. Lẹ́yìn náà ni kábáídì dé, kábáídì tí àwọn wẹ́dà wa ṣì ń lò dòní. Omi á máa kán sórí rẹ̀ nínú agolo kékeré kan, gáàsì á jáde, wọ́n á ṣáná sí i, àwo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì ti ìmọ́lẹ̀ náà síwájú. Ọkọ̀ Columbia ní Amẹ́ríkà lo iná mànàmáná ní 1898, àmọ́ okùn tín-ín-rín inú bọ́ọ̀bù kì í pẹ́ já bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Ìgbà tí Cadillac kó iná, bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì pọ̀ sínú ọkọ̀ kan ní 1912 ni ọ̀rọ̀ náà tó fìdí múlẹ̀.

Ní 1940, Amẹ́ríkà sọ iná róbótó tí wọ́n lẹ̀ pa di dandan: dígí, àwo àti okùn iná jẹ́ odindi kan, tó bá jó, gbogbo rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn fara mọ́ bọ́ọ̀bù tó ṣeé yọ. Ọwọ́ wọn ni bọ́ọ̀bù hálójìn ti jáde ní 1962, tí oríṣi rẹ̀ tó ń jẹ́ H4 sì tẹ̀ lé e ní 1971.

H4 yìí ni kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ danfó àti kọ̀rọ̀pẹ̀. Okùn iná méjì ló wà nínú rẹ̀: fúùlù jẹ́ wáàtì 60, dímù jẹ́ 55. Lábẹ́ okùn dímù ni ife irin kékeré kan wà. Ife yẹn ló ń dí apá kan ìmọ́lẹ̀ náà kó má baà gòkè lọ bá awakọ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá tan H4 tó dára sára ògiri, ẹ ó rí ìlà kan gedegbe, ìmọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, òkùnkùn lókè. Ìlà náà á gòkè díẹ̀ lápá kan, kó lè fi ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì hàn.

Apá tí ìlà yẹn ń gòkè sí kàn wá gan-an. Títí di ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972, apá òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba Gowon gbé wa bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí iná tí wọ́n ṣe fún apá òsì bá wà lórí ọkọ̀ tó ń gba ọ̀tún, ibi tó yẹ kó tan ẹ̀bá títì, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa tàn sí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ti àtijọ́, torí òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní Jàpáànì àti Bìrìtéènì, iná tòkunbọ̀ ibẹ̀ sì lè bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń wá pátì ní ọjà Ládípọ̀. Ẹ tàn án sára ògiri kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn hálójìn, BMW gbé iná xenon jáde ní 1991. LED ní tirẹ̀ gba sùúrù. Pupa àti àwọ̀ ewé ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n láìsí búlúù, kò lè sí funfun. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, àwọn ọmọ bíbí Jàpáànì, ló tú kókó yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2014. Lexus LS 600h lo LED fún dímù ní 2007; Audi R8 sọ gbogbo iná iwájú di LED ní 2008. Àwo àti lẹ́ńsì tí wọ́n ṣe fún LED láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyẹn ní.

Ibẹ̀ gan-an ni LED tí a ń rà ní páálí ti yàtọ̀. Àwo tí wọ́n ṣe fún okùn hálójìn ni rìwáyà máa ń kì í bọ̀. Ojúkò kan ṣoṣo ni àwo yẹn mọ̀, ibi tí okùn tín-ín-rín yẹn ti ń jó. LED kì í ṣe okùn. Ègé pẹlẹbẹ ni, ẹ̀gbẹ́ méjì pátákó kékeré ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bó bá fi díẹ̀ kúrò ní ojúkò, ìlà gedegbe yẹn á fọ́, ìmọ́lẹ̀ á tú káàkiri, títí kan ojú ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ á ní òun ń ríran dáadáa, torí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ funfun kalẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀ọ́kán ló yẹ kó máa wò. Ẹ wá ro ti ọ̀kadà tó pàdé rẹ̀ níbi tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti jọ ń pín ọ̀dà kan, tí kòtò sì wà létí ọ̀nà.

Mi ò ní torí èyí pe LED ní ohun burúkú. Iná tó ń jẹ kò tó ti hálójìn, ó sì sàn fún wáyà ju bọ́ọ̀bù wáàtì 100 tí àwọn kan ń fi sí i, èyí tó máa ń yọ́ ike ẹnu wáyà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kàn fi òfin dè é ni. Ní Jámánì, ìgbà tó di 2020 ni Osram tó rí àṣẹ gbà fún LED kan tó ń gba ipò bọ́ọ̀bù hálójìn H7, fún kìkì àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò lórí wọn. Ní Bìrìtéènì, láti 2021, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bá fi LED sínú iná hálójìn ni kì í yege àyẹ̀wò ọdọọdún.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀bù kọ́ ló ń dá ọkọ̀ wa lóró. Láti àwọn ọdún 1980 ni ike ti ń gba ipò dígí níwájú iná, oòrùn wa sì máa ń sọ ike náà di pupa rúsúrúsú. Ẹ̀yin awakọ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n bá yín fi sáńpépà àti pólíìṣì fọ̀ ọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sí mítà 10 sí ògiri, kí ìlà dímù fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju gíga iná náà lọ. Bí ẹ bá fi LED sí i tí ìlà náà sì pòórá, ẹ yọ ọ́, ẹ dá hálójìn padà.