Ohun Tí Eédú Ń Dì Mú

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n eérú nìkan kọ́ ni iná ń fi sílẹ̀. Bí a bá bo iná mọ́lẹ̀ kí ó tó jó igi tán, eédú ni yóò kù. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ èyí dájú. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé èèpo èkùrọ́, nítorí líle rẹ̀, a máa mú iná tí ó gbóná janjan wá. Ṣùgbọ́n eédú ní iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe ti iná. Ìtàn iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó kan èdè wa.

Ní 1773, Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà ní Sweden, ṣàkíyèsí pé eédú a máa gba gáàsì mọ́ra, bí a bá sì mú un gbóná, a tú u sílẹ̀. Ní 1854, John Stenhouse, ará Scotland, fi eédú ṣe ìbòmú tí ó ń dá òórùn búburú dúró. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ fífa nǹkan mu. Gààrí tí a rẹ ń fa omi mu: omi wọ inú rẹ̀, ó sì wú. Eédú kì í wú. Ojú ara rẹ̀ ni gáàsì ń lẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí eèmọ́ ti í lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù àgbẹ̀. Ní 1881, Heinrich Kayser, ará Jámánì, mú ọ̀rọ̀ tuntun wọ inú ìwé láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní adsorption.

Ní nǹkan bí 1900, Raphael von Ostrejko gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń sun eédú kí ihò tíntìntín lè pọ̀ lára rẹ̀. Gíráàmù 1 irú eédú bẹ́ẹ̀ lè ní ojú ara tí ó tó 1,000 sùkúà mítà. Ogun ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, 1915, nítòsí Ypres ní Belgium, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú gáàsì kílórínì tí ó ju 150 tọ́ọ̀nù lọ sínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún náà, Nikolai Zelinsky ṣe ìbòjú eédú ní Rọ́ṣíà. Nígbà tí ó di 1918, ìjọba Amẹ́ríkà ń bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n kó èèpo àgbọn àti kóró èso líle wá fún eédú ìbòjú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí ogun náà tó bẹ́, Jámánì ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ ilẹ̀ wa. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó ń fi òkúta pa á. Èkùrọ́ a wọ ọkọ̀ òkun, èèpo a kù sí ẹ̀yìnkùlé.

Báwo ni eédú ṣe ń ṣe é? Wọ́n a kì í sínú agolo tàbí ọ̀pá, kí gáàsì lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí gáàsì náà bá jẹ́ àdàlù, kì í ṣe bákan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Carbon dioxide ń lẹ̀ mọ́ ọn ju methane lọ, methane sì ju nitrogen lọ. Níbi ayẹyẹ, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé lè jókòó sí iwájú. Bí ìjòyè bá dé, yóò dìde fún un, yóò sì wá àyè sẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá kún, ìta ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nitrogen ṣe ń kọ́kọ́ jáde, tí methane ń tẹ̀lé e. Bí gbogbo àyè bá wá kún, ìjòyè pàápàá yóò kọjá. Ìdí nìyí tí agolo ìbòjú kò fi lè wà títí. Kí a tó tún eédú náà lò, a ní láti mú kí ó jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú, yálà kí a mú un gbóná, tàbí kí a dín ìfúnpá tí ó wà lórí gáàsì kù.

Ní 1990 ni wọ́n dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ ti ń fi èèpo àti pàǹtí oko ṣe irú eédú yìí, láti fi yọ aró kúrò nínú omi ìdọ̀tí. Èèpo wà nílé, ìmọ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àbọ̀ rẹ̀. Ìyá tí ó ń ṣe àdín, tí ó ni èèpo, kò lè bá wọn dá sí i.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé Yorùbá kò lè gbé e. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún 6. Ní tèmi, mo dábàá ìfàmu fún ti gààrí, ìlẹ̀mọ́ra fún ti eédú, àti ìjọ̀wọ́ fún ìtúsílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Kayser kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 1881.